Bí a ṣe kó ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ jáde ní ọ́fíìsì wa

Yàrá kan wà ní ọ́fíìsì wa n'Íbàdàn tí gbogbo wa ń pè ní ibojì. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, prínńtà tí kò tẹ ìwé mọ́, páálí fáìlì tí eku ti sọ di ilé, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ, a sì ń san owó ilé lé wọn lórí lọ́dọọdún. Nígbà tí ọ̀gá wa fẹ́ sọ yàrá náà di ibi ìgbàlejò, èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n rí i pé oníkálùkù kó ohun tí kò lò jáde, kí ohun tó ṣì wúlò má sì bá ti ààtàn lọ.

Mo kéde rẹ̀ lórí WhatsApp àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn èèyàn fi àtàǹpàkò dáhùn, kò sẹ́ni tó gbé abẹ́rẹ́ jáde. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo bá ń lọ láti tábìlì dé tábìlì. Ẹ̀gbọ́n kan ní akáǹtì ní kalikulétọ̀ mélòó kan tó ti kú nínú dúrọ́ọ̀ wọn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Wọ́n ní, "Àbúrò, orúkọ mi ló wà níwájú wọn nínú ìwé. Bí mo bá kó wọn sílẹ̀ lónìí, tí ọ̀dítọ̀ dé lọ́la, ṣé ìwọ lo máa bá mi gba kúẹ̀rì?"

Ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀rù kúẹ̀rì ló sọ ọ́fíìsì wa di ibojì. Ẹni tí wọ́n bá fi nǹkan sí níkàáwọ́, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó máa ṣọ́ òkú rẹ̀ títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mọ èyí ju tiwa lọ, torí ohun ìní ìjọba kì í dédé kúrò nílẹ̀ àfi tí ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní board of survey bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni tiwa, ni mo bá bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n jẹ́ ká dá kékeré tiwa sílẹ̀: akáńtáǹtì, ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà wa ṣe, àti èmi. A ṣe fọ́ọ̀mù tí kò ju ojú ìwé kan lọ: kí ni nǹkan náà, ọwọ́ ta ló wà, ṣé ó kú tàbí ó yè, ibo ló ń lọ. Ọ̀gá á fọwọ́ sí i, ẹni tó kó ẹrù sílẹ̀ á mú ẹ̀dà kan dání.

Mo fi òfin kan sí i tí inú àwọn kan kò dùn sí: ẹni tó bá fọwọ́ sí i pé nǹkan ti kú kò gbọ́dọ̀ rà á. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, prínńtà tó le koko á kú lọ́sàn-án, á sì jí dìde ní pálọ̀ ẹnì kan lálẹ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹrù tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo gbé tábìlì gígùn kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń bu omi mu, torí kò sẹ́ni tí kì í débẹ̀ lójúmọ́. Ohun tí o kò lò, gbé e síbẹ̀; ohun tí o nílò, mú un. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá mú títí di ọjọ́ Ẹtì á jáde. Àǹtí kan tó máa ń fi owó pẹ́tíkáàṣì ra fáìlì ní Dùgbẹ̀ lóṣooṣù rí páálí fáìlì tuntun, tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀, tí ẹ̀ka kejì gbé wá. Wọ́n wo páálí, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ o." Àwọn ló wá di alágbàwí tábìlì náà jù.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló gbà wá lákòókò jù lọ. Àwọn aláàkàrà àti ẹlẹ́pà fẹ́ràn ìwé ọ́fíìsì, àwọn tó ń gbálẹ̀ sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Èmi fúnra mi ti ra àkàrà rí ní Mókọ́lá tí wọ́n fi ìwé owó oṣù ẹnì kan pọ́n. Epo ti rin ín, síbẹ̀ orúkọ onítọ̀hún, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti iye tó ń gbà hàn kedere. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó dáàbò bo irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ní tirẹ̀ sọ pé ìwé ìṣirò owó gbọ́dọ̀ wà nípamọ́ fún ọdún 6. Ìyẹn la fi ṣa ìwé: èyí tí kò tíì pé ọdún 6 padà sínú fáìlì, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, tí kò sì lórúkọ ẹnikẹ́ni, a gé e, a sì dì í pọ̀ fún jọ́tà. Èyí tó lórúkọ oníbàárà, a ya á wẹ́wẹ́, a rẹ ẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù omi títí ó fi rọ̀ bí ògì. Àwọn kan ní ká sun ún, mo kọ̀. Ìdì ìwé kì í jóná dé inú, èéfín rẹ̀ sì ń dààmú ará àdúgbò.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé téèyàn bá ti pa fáìlì rẹ́, ó ti tán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà lórí dísìkì títí nǹkan mìíràn á fi gorí rẹ̀. Ọmọkùnrin wa kọ nǹkan mìíràn bo àwọn dísìkì tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó fi dírílì lu àwọn tó ti kú.

Onírin àlòkù kan ti gbọ́ nípa bátìrì UPS wa, ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró díẹ̀ bí iná bá lọ. Owó tó fi lọ̀ wá dára, ojú akáńtáǹtì sì ti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òjé àti ásíìdì ló wà nínú bátìrì yẹn, gọ́tà ni irú àwọn onírin bẹ́ẹ̀ sì máa ń da ásíìdì sí. Wáyà ńkọ́, iná ni wọ́n ń sun ún kí wọ́n lè yọ kọ́pà. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ti ní ìlànà lórí ìdọ̀tí ohun èlò oníná láti ọdún 2011. Ilé-iṣẹ́ tó níwèé àṣẹ la kó wọn fún, owó tí wọ́n san kéré. Ọ̀gá ní kò burú.

Káfíńtà sọ àga méjì di ẹyọ kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Mo pe ìyá kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nítòsí pé kí wọ́n wá wo ohun tí wọ́n lè lò. Wọ́n wò ó yíká, wọ́n ní, "Ẹ má bínú o, ẹ má kó ìdọ̀tí yín wá sílé-ìwé mi. Èyí tí ẹ̀yin náà lè jókòó lé ni kẹ́ ẹ kó wá." Wọ́n mú kọ́bọ́ọ̀dù onírin àti tábìlì, wọ́n fi àga sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a kì í fi àga tọrẹ láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú wa kọ́kọ́ jókòó lé e.

Ìyókù, a tà á fún òṣìṣẹ́: oníkálùkù kọ iye tó lè san sínú àpòòwé, a ṣí i lójú gbogbo èèyàn, owó náà sì wọ àpò ìrẹsì ọdún. Fíríìjì àtijọ́ kan ló ṣẹ́kù. A ní kí onífíríìjì kọ́kọ́ wá fa gáàsì inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan irin rẹ̀. "Mo ti wà lọ́nà" ló ń sọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.