Kẹ́ ẹ tó mòòkùn, ẹ kọ́kọ́ fi sìlíńdà yẹn mí lórí ilẹ̀

Àwọn tó ń wa yanrìn lódò Ògùn, èémí ara wọn ni wọ́n ń gbé mòòkùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ kọ́yìn, ẹ̀rọ lẹ fẹ̀mí yín lé lọ́wọ́ o, torí ẹ̀ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú wọ omi.

Afẹ́fẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó bá yín rọ ọ́: ibo ni páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọnú ẹ̀rọ ẹ̀ wà, ìgbà wo ló pààrọ̀ fílítà gbẹ̀yìn? Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé fọkanáísà kan ní Lafẹ́nwá lè bá yín ṣe é. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà, nǹkan bíi 10 bar, ìyẹn ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́, ló sábà máa ń mọ, sìlíńdà tiwa sì ń gbà tó 200, yàtọ̀ síyẹn ọ́ìlì máa ń bá afẹ́fẹ́ ẹ̀ jáde, èéfín jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà lè kó wọlé. Carbon monoxide wà nínú èéfín yẹn, kò lóòórùn, kò láwọ̀, bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tó ni oró ẹ̀ á máa le sí i. Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn ọ́ìlì, ẹ dá a padà. Tẹ́ ò bá gbóòórùn kankan, ẹ ṣì bèèrè.

Ẹ wo déètì tí wọ́n lù sọ́rùn sìlíńdà, ìyẹn ìgbà tí wọ́n dán agbára ẹ̀ wò, ọdún 5 ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà. Ẹ tẹ họ́ọ̀sì díẹ̀ níbi tó ti pàdé irin, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ là.

Kẹ́ ẹ tó ṣí fáàfù sìlíńdà, ẹ fi regulator, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ máa fi mí lábẹ́ omi, sẹ́nu kẹ́ ẹ fà á. Kò yẹ kí nǹkan kan wọlé o, torí ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń yọ́ wọlé, omi náà á gba ibẹ̀. Ẹ wá ṣí i díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ojú géèjì tó ń fi iye afẹ́fẹ́ hàn síbòmíì torí gíláàsì ẹ̀ lè fò. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ "ṣìì" lọ́rùn ẹ̀, ẹ tì í, rọ́bà róbótó tó wà níbẹ̀ ló sábà máa ń fà á.

Èyí tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fò rárá rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a fẹ́ wọ omi Ọ̀yán, géèjì àbúrò mi dúró sí 200 gbọnin, ó ní òun ti ṣe tán. Mo ní kó fi regulator ẹ̀ mí kí n rí i. Bó ṣe ń fà á ni ọwọ́ géèjì ń já bọ́ sí 120, tó bá dákẹ́ á tún gòkè padà. Ẹnì kan ló ṣí fáàfù ẹ̀ díẹ̀ péré! Lórí ilẹ̀ ó ń mí dáadáa, nísàlẹ̀ ibi téèyàn ti ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀, kò ní tó o. Torí náà ẹ mí tó ìgbà 5 tàbí 6, kójú yín wà lára géèjì, kí ọwọ́ ẹ̀ má mì, kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún regulator kejì tó wà fún ẹnìkejì yín náà.

Ẹ fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbé yín léfòó kó kún, ẹ fi í lẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tó bá ń rọ̀, ó ń jò nìyẹn.

Ẹ jọ fẹnu kò pé ẹ ò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yín wálẹ̀ ju 50 bar lọ kẹ́ ẹ tó yọrí sójú omi. Omi ibí máa ń rú, pàápàá lásìkò òjò, nítorí ẹ̀ ẹ dijú, kẹ́ ẹ na ọwọ́ sí regulator kejì lára ẹnìkejì yín. Tọ́wọ́ yín bá ń wá a kiri, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, títí ọwọ́ á fi bà á lẹ́ẹ̀kan náà.