Ìléyá Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn: Bí Ẹbí Ṣe Lè Pinnu Bóyá Kí Wọ́n Péjọ

Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣí ọ̀nà padà fún ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí kòrónà ti sé gbogbo ènìyàn mọ́lé. Ìléyá ọdún náà bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù yẹn gan-an. Láàrin ọjọ́ méjèèjì, ìbéèrè kan náà ló wà nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn, Ìwó àti Ẹdẹ: ṣé kí àwọn ọmọ tó wà ní Èkó máa bọ̀ wálé wá ṣọdún, àbí kí oníkálukú jókòó síbi tó wà? Ìjọba ti sọ ohun tí òfin gbà, ṣùgbọ́n ìjọba kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ẹ̀dọ̀fóró ìyá rẹ̀ lágbára tó láti gba àlejò.

Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ni ìlànà yìí wà fún. Òótọ́ ni pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́, ṣùgbọ́n àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn yóò ṣì wá, kò sì ní wo kàlẹ́ńdà kó tó dé. Kòrónà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jẹ́ pé Kérésìmesì ni tirẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, àfi ti àgbò nìkan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn

Kí ẹnikẹ́ni tó pe ìpàdé ẹbí, ẹ wádìí ohun méjì: ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà ràn, àti bóyá ẹni tó ní i lè kó o ran ẹlòmíràn kí ara tirẹ̀ tó fi hàn. Nígbà tí arìnrìnàjò kan gbé Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú, ṣùgbọ́n omi ara ẹni tí àìsàn náà ti dá gúnlẹ̀ ni Ebola ń bá rìn. Ẹni tí àmì àìsàn kò tíì hàn lára rẹ̀ kì í kó o ran ènìyàn. Kòrónà kò rí bẹ́ẹ̀. Èémí tí a ń mí síta, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, tí a ń kọrin, tí a ń rẹ́rìn-ín, ló ń gbé e, ẹni tó bá sì kó o lè máa pín in kiri fún bí ọjọ́ méjì kí ikọ́ tàbí ara gbígbóná tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí ènìyàn sọ pé ara òun dá ṣáṣá kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Ọmọ tí ara rẹ̀ le jù nínú àwọn tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò lè jẹ́ ẹni tó gbé e wálé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ influenza gúnlẹ̀ sí Èkó, tí àwọn èrò rélùwéè sì bá a wọ àárín ilẹ̀.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò ní gbà á ni kí ẹ wò

Ọ̀pọ̀ ẹbí ló máa ń béèrè pé "ṣé a máa péjọ?" bí ẹni pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilé. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni pé: nínú gbogbo àwọn tí yóò sùn nínú ilé yẹn, ta ni àrùn yìí lè pa? Yàrá ẹni náà ni kí ìpinnu ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pálọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jiyàn. Ní ti kòrónà, ọjọ́ orí ló ṣáájú: ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wà nínú ewu ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra, ewu náà sì ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ sókè. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn ọkàn àti ti kíndìnrín tún ń dá kún un, bẹ́ẹ̀ sì ni oyún.

Àwọn àgbà wa kì í sábà ka àìsàn wọn sílẹ̀ fún ọmọ. Bí ẹ bá béèrè lórí fóònù, "a dúpẹ́" ni ẹ óò gbọ́. Ẹ bi ọmọ tó ń bá wọn gbé, tàbí kí ó bá yín wo inú ọ̀rá oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: amlodipine tó wà níbẹ̀ yóò sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, metformin yóò sì sọ ti ṣúgà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí kì í sábà wá sí ọkàn ènìyàn nígbà ọdún, ìyẹn ni ilé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, àti mọ́tò tí yóò gbé Màmá lọ bí kò bá lè mí dáadáa ní ago méjì òru. Bí Màmá bá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó pé, ìṣirò náà yí padà púpọ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ náà ń dín àìsàn líle àti ikú kù gan-an bí kò tilẹ̀ dí àrùn lọ́nà pátápátá. Ṣùgbọ́n ní Ìléyá ọdún 2020, kò tíì sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni àjẹsára kòrónà àkọ́kọ́ tó wọ Nàìjíríà.

Bí ara bá hẹ́gẹhẹ̀gẹ, tí àjẹsára kò sí, tí ọ́síjìn sì jìnnà, èrò tèmi ni pé kí ẹ má péjọ sí ilé yẹn. Mo mọ ohun tí àwọn kan máa fi dáhùn: Bàbá ti di ẹni ọgọ́rin ọdún, bí ọdún yìí bá jẹ́ àṣemọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu lásán gbá a dànù, nítorí pé ìdánìkanwà náà ń pa àgbàlagbà díẹ̀díẹ̀. Bí Bàbá fúnra wọn, pẹ̀lú ọpọlọ tó pé, bá ní àwọn fẹ́ rí ọmọ, kí ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ọmọ kan tàbí méjì tó ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ogún ènìyàn pẹ̀lú ọmọ jòjòló àti ọ̀rẹ́ tó bá wọn wá jẹran.

Ẹ pinnu kí owó tó jáde

Ìpinnu tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti ra àgbò, tí wọ́n ti dá aṣọ, tí wọ́n sì ti sanwó mọ́tò, owó ló ṣe é. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ó sì ti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo jáde, ì báà jẹ́ olórí ẹbí tàbí àkọ́bí, nítorí pé ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí bá jọ ń pinnu kì í ní ìparí. Kí ìpinnu kejì sì wà lábẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní gbàgbé Kérésìmesì ọdún 2020: ìjọba Bìrìtìkó ti ní ìdílé mẹ́ta lè péjọ fún ọjọ́ márùn-ún, láti ọjọ́ 23 sí 27 oṣù Kejìlá, àfi bí wọ́n ṣe gba ọ̀rọ̀ náà padà ní ọjọ́ 19, tí wọ́n ní kí ará Lọ́ńdọ̀nù má ṣe bá ìdílé mìíràn péjọ nínú ilé rárá. Ẹni tí kò ní ètò mìíràn nílẹ̀ fi oúnjẹ inú fíríìsà ṣe ìrántí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà tún ní ìdí mìíràn. Àmì kòrónà sábà máa ń yọ láàrin ọjọ́ 2 sí 14 tí ènìyàn bá ti kó o, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní bí ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ wálé gbọ́dọ̀ lè ka ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán sẹ́yìn, kí ó sì sọ pé òun kò sí nínú ọjà tó kún, òde ìnáwó tàbí ọ́fíìsì tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí. Nọ́ọ̀sì kò lè ṣe èyí. Awakọ̀ dánfó àti ìyálọ́jà kò lè ṣe é. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú Màmá. Àyẹ̀wò tó ní "kò sí" ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò dára, àmọ́ kì í ṣe ìwé àṣẹ, nítorí pé àrùn tí ènìyàn kó lánàá kì í tíì hàn lónìí.

Bí ẹ bá péjọ

Oúnjẹ kọ́ ni ewu tó tóbi jù. Oorun ni. Ẹ fojú inú wo yàrá tí ènìyàn mẹ́jọ tẹ́ ẹní sí, tí wọ́n ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn, tí wọ́n sì ń mí èémí ara wọn fún wákàtí méje, fún òru mẹ́ta tí ọdún fi wà. Bí ẹ ò bá ṣe ohun mìíràn nínú ìlànà yìí, ẹ ṣètò ibi tí àlejò yóò sùn. Ẹni tó bá lè lọ kó padà lọ́jọ́ kan náà, kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù, kí wọ́n wọ̀ sí ilé ẹ̀gbọ́n tàbí hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó bá gbọ́dọ̀ sùn nílé, kí fèrèsé wọn ṣí, kí nẹ́ẹ̀tì wà lórí ẹní wọn. Ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí àwọn fèrèsé tí ẹ ṣí sílẹ̀ náà, nítorí pé èéfín rẹ̀ ń yára pa ènìyàn ju kòrónà lọ.

Ibi kejì tó léwu ni yàrá kan ṣoṣo tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí gbogbo ilé máa ń rọ́ sí lọ́sàn-án láti wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ náà ń yí afẹ́fẹ́ kan náà po ni, kì í gbé tuntun wọlé. Ẹ pa á, kí ẹ gbé àga sábẹ́ igi tàbí abẹ́ kánópì. A tilẹ̀ lè sọ pé Ìléyá rọrùn ju Kérésìmesì àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lọ ní apá yìí, nítorí pé ìta ni a ti ń kírun ní yídì, ìta la ti ń dúmbú àgbò, ẹ̀yìnkùlé náà ni agbada ẹran wà. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa bu oúnjẹ, kí oníkálukú ní àwo tirẹ̀. Ti ọwọ́ fífọ̀, gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n.

Ní ti ìkíni, àṣà wa ti ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wa: ọmọ lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja tàbí kí ó kúnlẹ̀ ní mítà méjì sí Bàbá, ọ̀wọ̀ náà kò dín. Dídì mọ́ ara ẹni ni kí a fi sílẹ̀. Kí Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n sì ṣàdúrà, kí àwọn tó ń ké "Àmín" wà ní àgbàlá pẹ̀lú ìbòmú, nítorí pé "Àmín" tí ogún ènìyàn fi gbogbo ẹnu ṣe nínú pálọ̀ kò yàtọ̀ sí ikọ́ ogún ènìyàn.

Bí ẹ kò bá péjọ

Ẹ má ṣe sọ fún Màmá pé nítorí tiwọn ni ẹ kò fi wá. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dun àgbàlagbà bí ẹni pé wọ́n ti di ẹrù. Kí owó àgbò ṣáájú ìròyìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí àkọ́bí fúnra rẹ̀ pè, kí ó má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kí ó sì wí pé: "Ẹ̀yin Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúmbú rẹ̀ lọ́dún yìí. Àìsàn ń bẹ lọ́nà, a kò fẹ́ gbé e bọ̀ wálé. Tí ó bá ti rọlẹ̀, gbogbo wa ń bọ̀." Kí wọ́n sì ti gbọ́ orúkọ ẹni tí yóò bá wọn di àgbò mú àti ẹni tí yóò pín ẹran.

Bí wọ́n bá ní ẹ̀sìn kò gbà á, ẹ̀sìn gbà á. Ènìyàn lè yan ẹlòmíràn láti dúmbú fún òun, ó sì tọ́ ní ọjọ́ Ìléyá àti ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, nítorí náà kò sí ìdí fún gbogbo ilé láti rọ́ lu alápatà kan ṣoṣo láàárọ̀ kan. Hádíìsì tí ọ̀pọ̀ àlùfáà mọ̀ wà, pé kí ènìyàn má wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ wà, kí ẹni tó wà níbẹ̀ má sì jáde sá. Ní ọdún 2020 yẹn, Saudi Arabia kò gba àlàájì kankan láti orílẹ̀-èdè mìíràn, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ṣe Hájì ní ọdún 2019 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì àbọ̀. Ojúde Ọba Ìjẹ̀bú-Òde náà kò wáyé. Ohun tí Mẹ́kà àti Awùjalẹ̀ lè dá dúró, ilé wa lè dá a dúró.

Lẹ́yìn ọdún

Kí orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wá wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná tàbí tí ó bá ń wúkọ́ láàrin ọjọ́ 14 lẹ́yìn ọdún, kí ó pe ẹni náà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹni náà sì pe àwọn yòókù, láìbá aláìsàn wí. Ìtìjú ló sábà máa ń pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́, òun àti "ibà lásán ni". Ibà ẹ̀fọn àti kòrónà jọra ní ìbẹ̀rẹ̀, ènìyàn sì lè ní méjèèjì pọ̀, nítorí náà àyẹ̀wò tó fi ibà hàn kò sọ pé kòrónà kò sí. Ẹ pe nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, 6232, fún ìtọ́sọ́nà. Fún ilé tí àgbà wà, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀: 95 sókè dára, bí ó bá jẹ́ 93 tàbí 94 nígbà tí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pe dókítà, bí ó bá jẹ́ 92 tàbí kó wá sílẹ̀, ẹ gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí wọ́n bá ní kò sí nǹkan tó ń ṣe àwọn.