Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Ní Ó Ti Jáwọ́

Ọ̀gá mi ní kí n fi kọ̀ǹpútà pín àwọn ọ̀daràn sí ọ̀wọ́, bí ìwà wọn ṣe rí láti kékeré títí wọ́n fi dàgbà. Àkọsílẹ̀ ìdánrawò ni, ọ̀gá ló jókòó ṣe é, kò sí ẹni gidi níbẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ orí, láti 10 dé 32, àti iye ìgbà tí ọlọ́pàá mú ẹni náà lọ́dún yẹn.

Ọ̀nà tí àwọn olùṣèwádìí méjì, Daniel Nagin àti Kenneth Land, gbé jáde lọ́dún 1993 ni mo tẹ̀ lé. Flexmix, irinṣẹ́ tó ń pín nǹkan sí ọ̀wọ́, ni mo lò nínú R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò. Poisson, ìlànà ìṣirò fún iye ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ni mo yàn torí iye ìgbà là ń kà. Mo sì fi ọjọ́ orí sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ìlà tó ń fi iye náà hàn lè gòkè kó tún wálẹ̀. Mo dán ọ̀wọ́ méjì dé mẹ́fà wò, BIC, òṣùwọ̀n tó ń sọ iye ọ̀wọ́ tó bá àkọsílẹ̀ mu láìpọ̀ jù, mú mẹ́rin. Ẹ tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà o, ibi tí kọ̀ǹpútà bá ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lè ṣì í lọ́nà. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó ṣe tán.

Ọ̀wọ́ kẹta ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n gòkè, lẹ́yìn náà wọ́n já wálẹ̀ wẹ̀ẹ̀. Mo kọ "àwọn tó jáwọ́" sí i lára.

Mọ́mì, tó ń ta àdìrẹ l'Ọ́jà Ọba, wà nítòsí tó ń ka owó ọjọ́ náà. Mo fi ẹnì kan hàn án: ọmọ ọdún 19, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, 20, òdo, 21, òdo, 22, òdo, 23, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

"Ọdún mẹ́ta yẹn, níbo ló wà?"

"Ó ti jáwọ́ ni, mà."

"Jáwọ́ kẹ̀! Ẹni tó wà níta ló ń jáwọ́."

Mo padà sínú fáìlì. Ibì kan wà níbẹ̀ tí n kò tilẹ̀ wò: oṣù tí oníkálùkù lò lẹ́wọ̀n. Méjìlá, méjìlá, méjìlá. Ojú tì mí, torí mo ti ka iṣẹ́ tí olùṣèwádìí Alex Piquero àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lọ́dún 2001 lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé ẹni tó wà lẹ́wọ̀n lè dà bí ẹni tó jáwọ́.

Mo wá fi oṣù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi wà níta sí i, log rẹ̀ (logarithm), gẹ́gẹ́ bí offset, ìyẹn iye tó ń jẹ́ kí ìṣirò mọ bí àkókò tó fi wà níta ṣe gùn tó. R kọ̀ jálẹ̀: òdo kò ní log. Ọdún tí ẹnì kan kò bá wà níta rárá, mo yọ ọ́ kúrò, torí kò sí ohun tá a lè rí níbẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí BIC mú mẹ́ta. Àwọn kan jáwọ́ lóòótọ́; àwọn yòókù bọ́ sáàárín àwọn tí kò sinmi. Mo pa orúkọ tí mo fún wọn rẹ́, mo kọ "ọ̀wọ́ kejì".