Tẹ́tẹ́ handicap lórí ẹgbẹ́ NBA tó ti rẹ̀: ìbéèrè láti Abẹ́òkúta

Ìbéèrè (Pánṣẹ́kẹ́): Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà, tó gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́ àná tó tún ń gbá lálẹ́ òní ni mo máa ń ta tẹ́tẹ́ lòdì sí, handicap (póìntì tí ilé tẹ́tẹ́ ń yọ lára ẹgbẹ́ tó lágbára tàbí tí wọ́n ń fi kún ti alátakò rẹ̀) sì ni mo ń lò. Ó máa ń hàn pé ó ti rẹ̀ wọ́n, síbẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ń já. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ rí, ilé tẹ́tẹ́ ti rí i ṣáájú yín. Láti oṣù kẹjọ ni àtẹ eré 80 nínú 82 tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbá ti ń jáde, nígbà tí sáà kì í bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá. Ẹnikẹ́ni lè ka alẹ́ tí ẹgbẹ́ kan máa gbá tẹ̀léra.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹgbẹ́ kan ì bá gba -6.5 ká ní wọ́n sinmi. Nítorí pé wọ́n wọ bàálù lóru, -4.5 lẹ máa bá. Wọ́n gbá a lóòótọ́, ẹsẹ̀ wúwo. Ní kọ́tà kẹrin, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù láti ọ̀nà jíjìn ń kan iwájú irin agbọ̀n, ó ń ta padà. Wọ́n ṣì fi póìntì 5 borí. Ẹ̀yin tí ẹ mú +4.5 fún alátakò wọn ti jẹ gbèsè. Àárẹ̀ ṣiṣẹ́ tirẹ̀, àmọ́ ilé tẹ́tẹ́ ti yọ ọ́ kúrò nínú handicap kí ẹ tó débẹ̀.

Ẹ wo odds náà pẹ̀lú, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ owó tí ẹ ta di púpọ̀ bí tíkẹ́ẹ̀tì bá wọlé. Bó bá jẹ́ 1.90, tíkẹ́ẹ̀tì 53 nínú 100 gbọ́dọ̀ wọlé kí èrè tó yọjú. Bó bá jẹ́ 1.85, kí 54 wọlé pàápàá, ẹ ṣì pàdánù díẹ̀. 55 ni ẹ nílò. Torí náà, èmi ò ní ta tẹ́tẹ́ kankan torí pé ó rẹ̀ wọ́n nìkan.

Ìbéèrè (Láfẹ́nwá): Báwo ni mo ṣe máa dá eré alẹ́ kejì mọ̀? Ohun tí fóònù mi ń sọ kì í bá ti àwọn ará Amẹ́ríkà mu.

Ìdáhùn: Aago wa ló ń da yín láàmú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, wákàtí mẹ́fà la fi ṣáájú New York. Ìyókù sáà, ó di márùn-ún. Ẹgbẹ́ kan gbá ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lọ́hùn-ún: aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni lọ́dọ̀ wa. Wọ́n tún gbá ní aago méje ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Ajé: fóònù yín á kọ aago kan ààbọ̀ òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀yin á wò ó pé wọ́n fi odidi ọjọ́ Ajé sinmi, bẹ́ẹ̀ wọn ò sinmi rárá. Ọjọ́ ìlú tí wọ́n ti ń gbá a ni kí ẹ máa kà.

Àárẹ̀ sì ju ara wọn lọ. Ẹni tó gbá alẹ́ méjèèjì nílé tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ kò rí bí ẹni tó kúrò ní Los Angeles lọ sí Denver lóru. Aago Denver fi wákàtí kan ṣíwájú, oorun wọn ti dín kù. Ìlú náà sì ga tó nǹkan bí mítà 1,600 sókè òkun, èémí kì í tètè balẹ̀ níbẹ̀. Bí eré àná bá lọ sí àfikún àkókò, ẹ rò ó mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo alátakò: bí àwọn náà bá gbá lánàá, kí lẹ wá ń wá? Ìmọ̀ràn àtijọ́ nípa eré mẹ́rin láàárín alẹ́ márùn-ún ti kúrò ńlẹ̀. Láti sáà 2017-18 ni NBA ti yọ ọ́ kúrò nínú àtẹ wọn.

Ìbéèrè (Kútọ̀): Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá dòru, màá gbọ́ pé ìràwọ̀ ẹgbẹ́ tí mo mú ò ní gbá.

Ìdáhùn: Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ìròyìn tó jáde ni. Fún eré alẹ́ kejì, aago kan ọ̀sán ìlú wọn ni gbèdéke tí ẹgbẹ́ ní láti kéde àwọn tó fara pa tàbí tí kò ní gbá. Nígbà òtútù wọn, ìyẹn jẹ́ aago méje alẹ́ ní Abẹ́òkúta bó bá jẹ́ New York, aago mẹ́wàá bó bá jẹ́ Los Angeles. Orúkọ sì tún lè yí padà lẹ́yìn ìyẹn. Láti 2023 ni NBA ti le sí ọ̀rọ̀ fífi ìràwọ̀ sinmi, owó ìtanràn àkọ́kọ́ jẹ́ 100,000 dọ́là, àmọ́ orúnkún tó ń dunni ṣì jẹ́ àwáwí tó tọ́.

Ẹ dúró de ìkéde, kí ẹ ta á lórí fóònù. Bí ẹ bá débẹ̀ tí -4.5 ti di +1.5, ìròyìn náà ti gbó. Ẹ fi eré yẹn sílẹ̀. Bí iná bá sì lọ tí bátìrì kú, bákan náà.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ kan ti borí handicap (tíkẹ́ẹ̀tì tó mú wọn wọlé) ní 11 nínú eré alẹ́ kejì 16. Ṣé kí n máa tẹ̀ lé wọn?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ sọ kọ́bọ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, orí 11 kì í ṣe ìyanu.

Ìbéèrè (Àṣẹ́rò): Mo mú -5, wọ́n sì fi póìntì 5 gẹ́lẹ́ borí lẹ́yìn àfikún àkókò. Owó mi dà?

Ìdáhùn: Lórí handicap tí kò ní ààbọ̀, wọ́n máa dá owó yín padà, bó bá wà láàárín eré púpọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, eré yẹn á di odds 1.00, ìyókù á máa lọ. Àmọ́ ẹ ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Òmíràn ka ìṣẹ́jú márùn-ún àfikún mọ́ ọn, òmíràn dúró sí ìṣẹ́jú 48, níbi tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti dọ́gba, -5 yín á sì já.