Tí sílàìdì àtijọ́ yín bá ti bu, ẹ má fi omi kàn án o

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí màmá yín lọ kàwé lókè òkun láyé ijọ́un tí wọ́n kó sílàìdì bọ̀ wálé, àwọn fọ́tò kékeré inú férémù páálí tí wọ́n máa ń fi iná tàn sára ògiri yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Òjò Àkúrẹ́ wa yìí ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Jẹ́látíìnì ló wà lójú fọ́tò yẹn, inú awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ti ń sè é jáde, oúnjẹ gidi ni fún fọ́ńgọ́sì, ohun tó máa ń mú nǹkan bu, tí ilé bá ti ń rin.

Ẹ mú ẹyọ kan kọjú sí wíńdò. Tó bá ti bu, ẹ̀ẹ́ rí nǹkan funfun tín-ín-rín tó bẹ̀rẹ̀ láti etí férémù, tó ya ẹ̀ka bíi gbòǹgbò wọ àárín fọ́tò. Ẹ wá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ojú kan á máa dán, èkejì ò ní dán, àwòrán á dà bí ẹni pé wọ́n fín in sí i lára. Ojú tí ò dán yẹn gan-an ni ká ṣọ́ra fún.

Jẹ́látíìnì tí fọ́ńgọ́sì bá ti jẹ máa ń yọ́ tí omi bá kàn án. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún lẹ́ẹ̀kan péré, àwòrán ìyá yín á bá aṣọ lọ, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Dettol, ọṣẹ, sanitizer, spirit aláwọ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ẹ gbàgbé gbogbo wọn, omi wà níbẹ̀. Ẹ má sì fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ náà omi ni.

Gbígbẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbẹ. Ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù, ṣùgbọ́n tẹ́ ò bá lè dúró, ẹ kó wọn sínú ike tó ní ìdérí tó le dáadáa, ẹ da silica gel sí i (àpò kéékèèké inú páálí bàtà yẹn ni), ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fọ́jọ́ mélòó kan títí fọ́ńgọ́sì yẹn á fi di lẹ́búlẹ́bú. Ẹ má lo ìrẹsì o, eruku àti kòkòrò ló máa kó bá yín. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ skáànì wọn bí wọ́n ṣe wà, tó bá wá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ó kéré tán ẹ ṣì ní ẹ̀dà.

Ìta gbangba lábẹ́ ibòji ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bo imú, torí ẹ̀dọ̀fóró ò fẹ́ fọ́ńgọ́sì yẹn rárá, àwọn tó ní asthma kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbá a kúrò díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ò bá lọ, isopropyl alcohol 99% (spirit tí omi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ẹ̀) ni, 70% ò dáa, omi ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ kán an díẹ̀ sí òwú, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní igun kan, ẹ fà á lọ sápá kan ṣoṣo láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ pààrọ̀ òwú. Tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ lára òwú pẹ́nrẹ́n, ẹ dúró níbẹ̀. Ibi tó ti jẹ wọlé ò lè kúrò mọ́, kọ̀ǹpútà lẹ máa fi tún ìyẹn ṣe.

Férémù páálí tó ti bu, ẹ yọ ọ́ dànù kẹ́ ẹ fi oníke rọ́pò ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sí i lára, torí orúkọ èèyàn àti ọdún wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wọn pamọ́, ẹ má gbé e sí àjà, ooru ibẹ̀ pọ̀ jù, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí kó fara kan ògiri. Ike tí wọ́n fi polypropylene ṣe dáa, èyí tí wọ́n fi PVC ṣe ò dáa. Ẹ fi silica gel sí i, èyí tó jẹ́ búlúù máa ń di pínkì tó bá ti mu omi yó, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀.