Bí A Ṣe Ń Fi Kọ́ìnì Sínú Fódà àti Álíbọ́ọ̀mù Tí Ihò Wọn Há

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fódà, ìyẹn páálí tó ṣeé pa dé bí ìwé, tó sì ní ihò tí a ń to kọ́ìnì sí, láti fi kó kọ́ìnì ilẹ̀ Amẹ́ríkà jọ, pàápàá irú fódà aláwọ̀ búlúù tí ilé iṣẹ́ Whitman ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, yóò tètè rí i pé ihò inú páálí náà há ju bí òun ṣe rò lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nínú fódà, etí ihò nìkan ló di kọ́ìnì mú, nítorí náà bí ihò bá gbà á wẹ́rẹ́, kọ́ìnì yóò já bọ́ lọ́jọ́ tí a bá gbé fódà nàró. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn ni pé páálí ló yẹ kí ó gbà fún kọ́ìnì, kì í ṣe kọ́ìnì ni yóò gbà fún páálí. A lè ra fódà mìíràn lówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n kọ́ìnì tí ojú rẹ̀ bá ti ha kò ṣeé dá padà sí bó ṣe wà.

Kí a tó ti ohunkóhun wọlé, kí a rí i dájú pé ihò tó yẹ kọ́ìnì náà ni a fẹ́ fi í sí. Dáìmù (kọ́ìnì sẹ́ǹtì mẹ́wàá) fẹ̀ tó mìlímítà 17.91, pẹ́nì (sẹ́ǹtì kan) tó 19.05, níkẹ́ẹ̀lì (sẹ́ǹtì márùn-ún) tó 21.21, kọ́tà (sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n) sì tó 24.26. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín dáìmù àti pẹ́nì kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó bá ń kánjú lè ṣi ojú ewé mú, kí ó sì máa fi agbára ti pẹ́nì sínú ihò tí kò ní gbà á láé. Lẹ́yìn èyí, kí a fi èékánná tọ etí kọ́ìnì yíká. Bí ó bá ti já lu ilẹ̀ rí, tí etí rẹ̀ sì ti yọ gọngọ níbì kan, ibi gọngọ yẹn yóò fa páálí ya. Ó sàn kí a wá ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn tí etí rẹ̀ ṣì dán.

Kọ́ìnì tí a ti ná káàkiri ni fódà wà fún. Ojú kọ́ìnì a máa wà ní gbangba nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ìka ọwọ́ yóò sì máa kàn án. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí a fi èyí tí wọ́n ṣe ní àkànṣe, tó ń dán bíi dígí, sínú fódà rárá, ihò ìbáà há, ìbáà máà há.

Kí a fọ ọwọ́, kí a sì nù ún gbẹ dáadáa, nítorí pé òógùn ọwọ́ a máa ba bàbà jẹ́, àmì ìka sì lè hàn lójú pẹ́nì lẹ́yìn oṣù mélòó kan bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí i lọ́jọ́ tí a fọwọ́ kàn án. Etí ni a ó ti máa mú kọ́ìnì. Orí tábìlì tó le ni kí a tẹ́ fódà sí, kì í ṣe orí itan tàbí orí bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé ìwé tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ ló wà lẹ́yìn ihò, bí kò bá sì sí ohun tó le lábẹ́ rẹ̀, títẹ̀ tí a ń tẹ kọ́ìnì yóò ṣí i kúrò.

Ihò tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀, ibí yìí sì ni sùúrù ti ṣe pàtàkì jù. Kí a mú kọ́ìnì kan tí kò níye lórí, tó jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú èyí tí a fẹ́ tò, kí a tì í wọ ihò náà díẹ̀, kí a yí i sọ́tùn-ún sósì, kí a sì yọ ọ́ kí ó tó wọlé tán. Bí kọ́tà bá ni, a ó rí i pé eyín wẹ́wẹ́ tó yí etí rẹ̀ ká, tó jẹ́ 119, ń bu páálí jẹ bí a ti ń yí i, tí fọ́nrán ìwé funfun sì ń kó jọ sí ìdí ihò. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò. Kí a má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí pé itọ́ tó bá ta sí kọ́ìnì lára yóò di àmì dúdú tí kì í kúrò. Bí ó bá ṣì há, kí a fi ara bírò tó rí roboto, tó sì ń dán, tẹ ògiri ihò náà yíká, kí etí páálí tó gbé sókè lè palẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan yíká, kí a dán kọ́ìnì wò, kí a tún tẹ̀ ẹ́ bí ó bá yẹ. Ẹni tó bá fi abẹ gé ihò, tàbí tó fi sàǹpépà ha á, yóò rí i pé kọ́ìnì wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní dúró níbẹ̀.

Ìgbà yìí ni kí a wá mú kọ́ìnì gan-an. Kí a kọ́kọ́ tún orí inú àwòrán rẹ̀ ṣe kí ó dúró ṣánṣán kí a tó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé bí ó bá ti wọlé tán, yíyí i yóò tún gbẹ́ ihò sí i. Kí a dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ wọ abẹ́ etí ihò, lẹ́yìn náà kí a fi aṣọ òwú tó mọ́ bo àtàǹpàkò, kí a sì tẹ etí òkè. Bí kò bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí a tẹ ọ̀tún, kí a tẹ òsì, kí a tún padà sí òkè. Kí a má ṣe tẹ àárín rárá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Lincoln lójú pẹ́nì àti irun Washington lójú kọ́tà, àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà àtijọ́ méjì, wà lára ibi tó ga jù nínú àwòrán, ibẹ̀ ni aṣọ tàbí ìka yóò sì kọ́kọ́ nù dànù. Òòlù, ìdí ṣíbí àti ọ̀bẹ kò ní iṣẹ́ kankan níbí.

Ohun mìíràn tí a máa ń gbójú fò ni ọ̀rinrin. Páálí a máa fa omi inú afẹ́fẹ́, a sì máa wú, nítorí náà fódà tí a gbé wá sí Èkó lásìkò òjò lè há ju bó ṣe wà nínú yàrá tó gbẹ lọ. Kí a tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbẹ, tó sì tutù fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí a tó tún gbìyànjú. Kí a má ṣe sá a sóòrùn, kí a má sì fi òróró tàbí ọṣẹ pa ihò lára. Bí ihò bá sì ti fẹ̀ jù, kí a fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan há ẹ̀gbẹ́ kọ́ìnì; gúlúù àti sẹ́lótéèpù yóò ba irin náà jẹ́.

Láti yọ kọ́ìnì kúrò nínú fódà, kí a dojú fódà bolẹ̀ sórí aṣọ òwú, kí a fi àtàǹpàkò ti ẹ̀gbẹ́ kan kọ́ìnì náà láti ẹ̀yìn títí tí ẹ̀gbẹ́ kejì yóò fi yọ jáde. Ìwé ẹ̀yìn lè ṣí díẹ̀, kò burú.

Álíbọ́ọ̀mù bíi ti ilé iṣẹ́ Dansco yàtọ̀ sí fódà, nítorí pé ihò rẹ̀ lu já síhà kejì, ike pẹlẹbẹ tó mọ́ gaara ló sì bo kọ́ìnì níwájú àti lẹ́yìn. Kí a fi ike ẹ̀yìn sílẹ̀ níbi tó wà, kí a fa ti iwájú nìkan jáde, kí a to kọ́ìnì gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ṣáájú, kí a tó dá ike padà. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí kọ́ìnì bá yọ sókè ju ojú páálí lọ, ike yóò máa ha ibi gíga inú àwòrán nígbàkúùgbà tí a bá fà á, yóò sì fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹni tó wà lójú kọ́ìnì. Nítorí náà, kí a tó ti ike wọlé, kí a mú páálí kan tí etí rẹ̀ gún, kí a gbé e ró sórí ojú ewé lókè kọ́ìnì, kí a sì bẹjú wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí etí páálí náà bá kan kọ́ìnì, kí a tún tẹ etí kọ́ìnì náà sísàlẹ̀ títí tí àlàfo díẹ̀ yóò fi wà láàárín wọn, kí a tó rọra ti ike padà sáyè rẹ̀.