Bí mo ṣe mú function yí iye tó wà lóde rẹ̀ padà
Ètò kékeré kan tó ń ka iye ìlà inú fáìlì ni mo ń tún kọ láti èdè kọ̀ǹpútà JavaScript sí èdè Python. Variable (orúkọ tí a fi iye pamọ́ sí) kan ṣoṣo ló gba àròjinlẹ̀ níbẹ̀: `apapo`, tó wà lókè fáìlì, lóde gbogbo function (àkójọ àṣẹ tí a fún lórúkọ), tí function tó ń ka ìlà sì ní láti máa fi ení kún.

Ní JavaScript, `let apapo = 0` lókè, `apapo += 1` nínú function, ó parí. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Python kí n wo ohun tí yóò wí:

```
apapo = 0

def ka_ila():
    apapo += 1

ka_ila()
```

UnboundLocalError ló fi dá mi lóhùn, àṣìṣe tó ń sọ pé orúkọ inú function náà kò tíì ní iye. Mo wá fi `print(apapo)` rọ́pò ìlà inú function náà, ó sì tẹ 0 jáde wẹ́rẹ́. Àṣé ó ń rí i! Kíkà kò ni ín lára. Fífi iye tuntun sí i ni kò gbà. Kí function tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá ni Python ti yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, orúkọ yòówù tí a bá fi iye sí níbẹ̀, ti inú function yẹn nìkan ló máa kà á sí. Mo tún dán an wò: nínú function náà, mo fi `print(apapo)` sílẹ̀, mo kọ `apapo = 5` sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Print tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ náà bá kọ̀.

Mo dá `apapo += 1` padà, mo kọ `global apapo` (ìyẹn ni pé `apapo` tó wà lóde ni mò ń sọ) sí ìlà àkọ́kọ́ nínú function, gbogbo rẹ̀ sì lọ geere. (PHP, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láìsí `global $apapo` tàbí `$GLOBALS['apapo']`, function kò lè kà á pàápàá.) Ti list (àkójọ iye lábẹ́ orúkọ kan) yàtọ̀: `.append`, tó ń fi nǹkan kún un, kò nílò `global`, torí inú list ló ń yí padà, orúkọ rẹ̀ ṣì dúró síbi tó wà.

Síbẹ̀, mo yọ `global` yẹn nígbẹ̀yìn. Bí function mẹ́ta bá lè yí iye kan náà padà, ta ló máa mọ èyí tó bà á jẹ́? Ohun tí mo fi sílẹ̀ rèé:

```
apapo = 0

def ka_ila(apapo):
    return apapo + 1

apapo = ka_ila(apapo)
```

Orúkọ fáìlì nìkan ni iye òde tí àwọn function ṣì ń lò ní tààrà. Kíkà ni gbogbo function ń kà á, kò sí èyí tó ń yí i padà.